Bàálù Kékeré àti Mọ́tò: Èwo Ló Léwu Jù?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi Ọjọ́ Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa ní Zaria

Ẹ̀yin tí ẹ ti Kaduna àti Funtua wá, ẹ kú ewu ọ̀nà. Bí mo ṣe kí yín kú ewu ọ̀nà yìí, mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi nìyẹn, nítorí ewu ọ̀nà gan-an ni mo wá sọ. Mo tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà kí n tó máa bá a lọ.

Nígbà tí akọ̀wé wa ní kí n wá sọ̀rọ̀, ó ní kí n sọ nípa iṣẹ́ tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ náà ni títún àwọn ọkọ̀ òfuurufú kékeré ṣe, àwọn tí kì í gbé ju ènìyàn mẹ́rin sí mẹ́wàá lọ. Àwa tí à ń gbé Zaria kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí wọn. Láti 1964 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọkọ̀ òfuurufú sílẹ̀ níbí, kò sì sí ọmọ tí a bí ní Sabon Gari tàbí Samaru tí kò mọ ìró bàálù kékeré.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn lónìí, ọmọ bíbí inú mi ló gbé e kò mí lójú. Houston ni ó ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní 2018 ó pè mí lórí fóònù, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní òun ti gba ìwé àṣẹ láti máa wa bàálù. Ó ní, “Bàámi, bí ẹ bá dé, èmi fúnra mi ni n óò fi bàálù gbé yín àti Màámi lọ sí Dallas.” Mo dákẹ́. Ó ní, “Ẹ má fòyà o, Bàámi. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé bàálù kò léwu tó mọ́tò.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé òótọ́ ni?

ORÚKỌ KAN, NǸKAN MÉJÌ

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi sọ yẹn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bàálù ńlá tó ń gbé èrò ni òótọ́ náà wà fún. Ẹ wo Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 12 Oṣù Kejì 2009, bàálù èrò kan já nítòsí ìlú Buffalo, ènìyàn 50 sì kú. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ 29 Oṣù Kìíní 2025, tí bàálù èrò kan àti hẹlikọ́pítà ológun forí gbárí ní Washington tí ènìyàn 67 sì ṣòfò, kò sí bàálù ilé-iṣẹ́ èrò ńlá ilẹ̀ wọn kan tó já tó pa gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀. Bí ọdún mẹ́rìndínlógún nìyẹn. Kò sí ojú ọ̀nà mọ́tò kankan láyé tó lè fọ́nnu bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ló wà nínú bàálù ńlá yẹn? Awakọ̀ méjì ló wà níwájú, bí ara ọ̀kan kò bá yá, èkejì wà. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, púpọ̀ nínú wọn gbọ́dọ̀ ti fò fún wákàtí 1,500 kí wọ́n tó fi wọ́n jókòó síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹnìkan wà lórí ilẹ̀ tó ń wo ojú ọjọ́ fún wọn, òmíràn ń ṣírò epo, òmíràn ń wo ìwé àtúnṣe. Bí awakọ̀ bá sọ pé ó rẹ òun, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ wá wo bàálù kékeré tí ènìyàn fi ń gbé ara rẹ̀ kiri. Bí àpẹẹrẹ, Cessna 172, tí wọ́n ti ń tà láti 1956, tí wọ́n sì ti ṣe ju 44,000 lọ. Kò sí bàálù tí wọ́n ṣe tó o láyé. Ìjókòó mẹ́rin ni, ẹ́ńjìnnì kan, awakọ̀ kan. Wákàtí bí 40 ni ó kéré jù tí ènìyàn lè fi kọ́ ọ kí ó tó gba ìwé àṣẹ. Olówó ọkọ̀ náà ni awakọ̀, òun náà ló ń wo ojú ọjọ́, òun ló ń ṣírò epo, òun náà ló máa sọ fún ara rẹ̀ pé “má lọ lónìí.” Ẹ̀yin náà mọ bí ó ti ṣòro tó kí ènìyàn dá ara rẹ̀ dúró.

Bàálù ni à ń pe àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.

Ẹ JẸ́ KÍ A ṢÍRÒ Ọ

N kò fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́ lásán. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí bàálù kékeré pọ̀ sí jù láyé, àkọsílẹ̀ fi hàn pé nínú wákàtí 100,000 tí irú àwọn bàálù bẹ́ẹ̀ bá fi fò, ìjàǹbá tó mú ẹ̀mí lọ máa ń tó bí ẹyọ kan. Ti mọ́tò ńkọ́? Ní 2022, ènìyàn tó kú lójú pópó wọn jẹ́ 1.33 nínú gbogbo mílíọ̀nù 100 máìlì tí ọkọ̀ rìn. Ìyẹn ni pé bí ọkọ̀ bá rin mílíọ̀nù 75 máìlì, ẹnìkan á kú.

Ká ní bàálù kékeré ń rin máìlì 150 ní wákàtí kan. Wákàtí 100,000 á jẹ́ mílíọ̀nù 15 máìlì. Ẹ gbọ́ ọ o: mọ́tò, ikú kan nínú mílíọ̀nù 75 máìlì. Bàálù kékeré, ìjàǹbá kan tó pànìyàn nínú mílíọ̀nù 15. Bí a bá fi máìlì wọ̀n ọ́n, bàálù kékeré léwu ju mọ́tò lọ lọ́nà márùn-ún. Bí a bá sì fi wákàtí wọ̀n ọ́n, tí a ní mọ́tò ń rin máìlì 40 ní wákàtí kan, ó súnmọ́ ìlọ́po ogún.

Mo tún fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìṣirò yìí ṣàánú bàálù. Ìdí ni pé nínú wákàtí 100,000 yẹn ni bàálù àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wà, tí awakọ̀ tó ń gbowó oṣù ń wà. Ìyẹn kò léwu tó ti ẹni tó ń fò fún ara rẹ̀. Bákan náà, àwọn ọ̀mùtí, àwọn tí kò de bẹ́líìtì àti àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn létí títì wà nínú iye ikú mọ́tò. Ẹni tí kì í mutí wakọ̀, tó ń de bẹ́líìtì, ewu tirẹ̀ kéré sí ìyẹn.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí bàálù kékeré jọ, kí ó wo ọ̀kadà, àṣàbà tí à ń wí níbí. Ní Amẹ́ríkà, fún máìlì kọ̀ọ̀kan, ikú orí alùpùpù ju ti inú mọ́tò lọ ní ìlọ́po tó ju ogún. Ẹni tó ń gun bàálù ara rẹ̀, ẹgbẹ́ ẹni tó ń gun alùpùpù ni, kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó jókòó nínú bàálù èrò.

KÍ LÓ Ń MÚ WỌN BALẸ̀ LÓJIJÌ?

Ẹ ó rò pé mẹkáníìkì á sọ pé ẹ́ńjìnnì ni. Rárá o. Ẹ́ńjìnnì máa ń kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìjàǹbá bàálù kékeré, ọwọ́ awakọ̀ ló ti ń wá. Epo tán lókè nítorí pé kò wò ó kí ó tó gbéra. Ó fa imú bàálù sókè jù nígbà tó rọra ń yà láti balẹ̀, apá rẹ̀ sì pàdánù afẹ́fẹ́ tó gbé e dúró. Èyí tó burú jù ni pé kí ẹni tí a kò kọ́ láti fò nínú ìkùukùu wọ inú ìkùukùu.

Ní 1954, Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà dán ogún ènìyàn wò tí wọn kò ní irú ẹ̀kọ́ yẹn. Wọ́n ṣe é bí ẹni pé wọ́n ti wọ inú ìkùukùu. Gbogbo ogún ni bàálù bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Bí a bá pín in dọ́gba, ìṣẹ́jú àáyá 178 ló gbà wọ́n, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Etí àti ara á máa sọ fún ènìyàn pé òun dúró gbọn-in, bẹ́ẹ̀ bàálù ti ń dojú kọlẹ̀. Ohun tó pa John F. Kennedy kékeré, ọmọ ààrẹ Amẹ́ríkà àná, nìyẹn ní ọjọ́ 16 Oṣù Keje 1999. Òkùnkùn àti kùrukùru bo ojú òkun, kò mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀ mọ́. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló bá a lọ.

Àwa tí à ń gbé òkè ọya, ọyẹ́ ni ìkùukùu tiwa. Ẹ̀yin àgbà ò ní gbàgbé ọjọ́ 22 Oṣù Kìíní 1973, tí bàálù tó ń gbé àwọn Alhaji bọ̀ láti Mẹ́kà já ní Kano nínú eruku ọyẹ́, tí ènìyàn 176 sì kú. Bàálù ńlá nìyẹn o, ọyẹ́ kò mọ ẹni ńlá.

Àwọn ẹni ńlá ilẹ̀ wa náà ti rí i. Ní ọjọ́ 25 Oṣù Kẹwàá 2012, nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, gómìnà ìpínlẹ̀ Taraba, Danbaba Suntai, fúnra rẹ̀ wa bàálù Cessna lọ sí Yola. Ó já nígbà tó kù díẹ̀ kí ó dé. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò padà sí bó ṣe wà mọ́ títí ó fi kú ní 2017. Ní ọjọ́ 21 Oṣù Karùn-ún 2021, níbi tí kò jìnnà sí wa, ní Kaduna, bàálù kékeré àwọn ológun já nígbà tó fẹ́ balẹ̀ nínú ojú ọjọ́ tí kò dára. Ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, Ibrahim Attahiru, àti ènìyàn mẹ́wàá mìíràn ló bá a lọ. Ipò kì í lé ìkùukùu.

Èmi náà ti rí ìkánjú olówó. Ọ̀gbẹ́ni kan gbé bàálù rẹ̀ wá fún wa ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó. Mo rí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára irin tó di ẹ́ńjìnnì mú. Mo ní kò ní í fò. Ó bínú, ó ní mo fẹ́ dójú ti òun, ó tún ní òun á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá mi dúró tì mí. Lọ́jọ́ kejì a tú irin náà sílẹ̀, a gbé e lé e lọ́wọ́, ó sì ya sí méjì lójú rẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

ÌDÁHÙN TÍ MO FÚN ỌMỌ MI, ÀTI ÈYÍ TÓ FÚN MI

Ní 2019, èmi àti ìyá rẹ̀ lọ sí Houston. Mo ti ṣírò gbogbo èyí sínú ìwé, mo sì fi hàn án. N kò sọ pé kí ó má fò mọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo bi í. Èkíní: ṣé o ti gba àṣẹ láti fò nínú ìkùukùu? Ó ní rárá, òun ṣì ń kọ́ ọ. Èkejì: ìgbà wo lo fò kẹ́yìn? Òfin wọn ni pé ẹni tó bá fẹ́ gbé èrò gbọ́dọ̀ ti gbéra kí ó sì balẹ̀ nígbà mẹ́ta láàrin 90 ọjọ́. Ó ní òun ti ṣe é. Ẹ̀kẹta: ṣé dandan ni kí a dé Dallas lónìí? Ó ní a ti ṣèlérí fún àwọn ará. Mo ní, “Bí ó bá jẹ́ dandan, mọ́tò la ó wọ̀. Ẹni tó bá ní dandan kò gbọdọ̀ gun bàálù kékeré.”

Ó dijú. Ó wo mí, ó ní, “Bàámi, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ bẹ̀rù bàálù mi, ẹ̀yin náà ni ẹ máa ń wọ bọ́ọ̀sì alẹ́ lọ sílé ní gbogbo Kérésìmesì. Ẹ ò bi dẹ́rẹ́bà yẹn ní ìbéèrè kankan rí.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Kò mọ̀ pé òun fọwọ́ kan egbò.

Ní Oṣù Kejìlá 1998, mo mú àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, lọ sí gáréèjì níbí. Ó ń lọ sílé fún ọdún. Nígbà yẹn, ọ̀nà Birnin Gwari, Tegina àti Mokwa la máa ń gbà dé Jẹ́bà. Alẹ́ ti ń lẹ́. Mo san owó ọkọ̀, mo ra búrẹ́dì fún un, mo juwọ́ sí i. Èmi tí mo máa ń fi iná tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo ìdè lára bàálù, n kò bẹ̀rẹ̀ wo táyà bọ́ọ̀sì yẹn. N kò béèrè bóyá dẹ́rẹ́bà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkó ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ó sùn lọ lórí ọkọ̀ kí wọ́n tó dé Mokwa. Àbúrò mi àti ènìyàn mẹ́fà mìíràn kò délé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan.

Nítorí náà, ìdáhùn ìbéèrè wa ni èyí. Ní ibi tí ọ̀nà dára tí àwọn awakọ̀ ń pa òfin mọ́, bàálù kékeré léwu ju mọ́tò lọ púpọ̀. Bàálù ńlá kò léwu tó èyíkéyìí nínú wọn. Ṣùgbọ́n mọ́tò tiwa, bí a ṣe ń wà á, kì í ṣe mọ́tò inú ìṣirò yẹn. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó kà ju 5,000 òkú lọ ní 2023, wọ́n tún kà ju 5,000 lọ ní 2024. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé iye gidi ju èyí tí ìwé ń gbà sílẹ̀ lọ dáadáa. Mọ́tò kò burú, ìwà tí a fi ń wà á ni.

OHUN TÍ MỌ́TÒ LÈ KỌ́ LÁRA BÀÁLÙ

Ní ọjọ́ 30 Oṣù Kẹwàá 1935, Boeing gbé bàálù ológun tuntun kan jáde ní Ohio. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ jù ló wà níbẹ̀. Ó gbéra, ó yí, ó já. Wọ́n ti gbàgbé láti tú ohun tó de ìrù rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà mì ín lórí ilẹ̀. Àwọn awakọ̀ ronú sí i, wọ́n kọ ìwé kékeré kan tí ènìyàn á máa kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó gbéra. Láti ìgbà náà, bí awakọ̀ bàálù tilẹ̀ ti fò fún ọgbọ̀n ọdún, ó ṣì ń ka ìwé náà bí ọmọ ilé-ìwé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Mo ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa. Mo bẹ̀ yín, kí a lò ó fún bọ́ọ̀sì tí ẹgbẹ́ máa ń háyà lọ sílé lópin ọdún:

1. Kí ọkọ̀ gbéra ní kùtùkùtù, kí ilẹ̀ má ṣú bá a lọ́nà. Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti ba ọ̀nà Birnin Gwari jẹ́ tí púpọ̀ nínú wa fi ń gba Lọ́kọ́ja, ìdí èyí ti di méjì.

2. Kí ẹni méjì láti inú ẹgbẹ́ wo táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lára táyà tó sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ẹ bá rí 2318, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2018 ni wọ́n ṣe é. Táyà lè máa dán kí ó sì ti gbó nínú.

3. Kí a bi dẹ́rẹ́bà léèrè ibi tó sùn lánàá. Bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀nà ló sùn, kí a wá ẹlòmíràn. Kí ó máa sinmi lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin.

4. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé awakọ̀ bàálù kò gbọdọ̀ fò bí kò bá tíì pé wákàtí mẹ́jọ tó mutí. Kí tiwa má mu rárá lọ́jọ́ ìrìn-àjò, ì báà jẹ́ paraga ní gáréèjì.

5. Kí gbogbo èrò de bẹ́líìtì. Ní ìjókòó iwájú, ó ń dín ewu ikú kù ní bí ìdajì. Bí bọ́ọ̀sì kò bá ní i, kí a má háyà rẹ̀.

6. Kí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀, ì báà ṣe ọmọdé, ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé “ẹ dúró,” kí ẹnikẹ́ni má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ á wọ́n. Òótọ́ ni, owó rẹ̀ á lé díẹ̀. Èmi á kọ́kọ́ san tèmi, n óò sì san ti opó méjì kún un.

Kí ẹ lè gbọ́ òpin ìtàn Dallas: ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ìkùukùu balẹ̀ sí Houston. Ọmọ mi jáde sẹ́yìn ilé, ó wo òkè, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wọlé, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ó ní, “Bàámi, Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ, ẹ de bẹ́líìtì yín.” Bí wákàtí mẹ́rin la fi rìn ín. Inú mi dùn sí i ju bí ó ti gbé mi fò lọ. Lẹ́yìn ọdún méjì ó gba àṣẹ ìkùukùu, ojú ọjọ́ mọ́, kò sí dandan, mo sì jókòó tì í lókè. Mo ka ìwé kékeré náà pẹ̀lú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ẹni tó sáré tete kò ní kọjá ilé, ẹni tó rìn gbẹ̀rẹ̀ kò ní sùn sọ́nà. Kí a má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àwa tí a jáde nílé lónìí, ayọ̀ la ó fi padà délé o.